Olóòtú, oríṣiríṣi "pa" ló wà

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọmọkùnrin tí wọ́n gbé wá sí kóòtù Májísíréètì ní Ìyágankú. "Apànìyàn dèrò ẹ̀wọ̀n" ni ẹ fi ṣe àkọlé. Ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ ni mo tó rí i pé ẹ̀sùn ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn kọ́ ni agbefọ́ba fi kàn án. Abala 317 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ni wọ́n kà sí i létí, ti ẹni tí ẹ̀mí bọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìní in lérò. Ẹ̀sùn náà wúwo, mi ò ní kò wúwo. Ṣùgbọ́n ikú òun ìyè ló wà láàrin 317 àti 316, tí í ṣe ti ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn.

Ọdún 26 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù nílùú Ìbàdàn yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo túmọ̀, èyí tó dà mí láàmú jù ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "pa". Òjò pa mí. Ebi ń pa mí. Ọtí ń pa á. Mọ́tò pa á. Ẹni tó fi àdá bẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ pa èèyàn, ìyá tí ọmọ já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ náà á figbe ta pé, "Mo ti pa ọmọ mi o!" Àwa tá a wà níbẹ̀ mọ̀ pé ẹkún ni. Ìwé ọlọ́pàá kì í mọ ẹkún.

Ẹjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ọmọṣẹ́ wẹ́dà méjì ni, nítòsí Gate. Owó àmàlà ló dá ìjà sílẹ̀: ọ̀kan ní òun ló sanwó àná, èkejì ní irọ́ ni. Wọ́n ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn, àfi bí ọ̀kan ṣe ṣubú, tí ìpàkọ́ rẹ̀ lọ balẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì àlòkù kan. Ọjọ́ kẹta ló kú. Ọmọ tó tì í kò sá, fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tó ń sunkún, "Ẹ gbà mí, mo pa ọ̀rẹ́ mi o." Ọlọ́pàá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní òun pa á, ọmọ náà sì tẹ̀ka sí i. Bí ẹ̀sùn ṣe di 316 nìyẹn.

Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ gíga ní Ring Road, lọ́yà rẹ̀ gbé ìwé náà sókè. "Èdè wo ló fi bá yín sọ̀rọ̀?" Ọlọ́pàá ní Yorùbá ni. "Níbo ni èyí tí ẹ kọ ní Yorùbá wà?" Ọlọ́pàá wo òrùlé. Ìlànà kóòtù ni pé èdè tí ẹni náà sọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí wọ́n tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, kí méjèèjì sì jọ dé iwájú adájọ́. Adájọ́ yọ ọ́ kúrò nínú 316, ó dá a lẹ́bi lábẹ́ 317, ó sì ka ọdún 6 tó ti lò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi fún un. Ọjọ́ yẹn ló lọ sílé.

Ẹ má wá rò pé gbogbo ẹni tó bá ti ní "mi ò fẹ́ kó kú" ló ń bọ́ o. Lábẹ́ 316, bí o bá ní in lọ́kàn láti ṣe onítọ̀hún léṣe gidi, tó sì ti ibẹ̀ kú, ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn náà ni. Ìdí nìyẹn tí adájọ́ fi ń wò ó bóyá ìgò fífọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ àbí àtẹ́lẹwọ́ lásán, bóyá ọrùn lo gún àbí ẹsẹ̀. Ikú ni abala 319 kọ sílẹ̀ fún un, adájọ́ kò sì láṣẹ láti dín in kù, bí àánú tilẹ̀ ń ṣe é. Ti 317, ẹ̀wọ̀n gbére ni òpin rẹ̀, adájọ́ sì lè fún un ní ọdún díẹ̀.

Òfin mọ̀ pé inú a máa bí èèyàn. Abala 318 ní bí wọ́n bá ṣe ohun tó burú sí ọ lójijì, tí o sì pa onítọ̀hún kí ara rẹ tó balẹ̀, 316 a di 317. Kí ara rẹ tó balẹ̀ ni mo wí o. Ẹni tí wọ́n gbá létí ní Bẹẹrẹ, tó wọ Máíkírà lọ sílé ní Mọ́lété lọ mú àdá, tó tún wọ òmíràn padà, kò lè ní inú ló bí òun. Ti ìgbèjà ara ẹni tún yàtọ̀: bí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ilé ni onítọ̀hún yóò gbà lọ. Àmọ́ ẹni tó ti ju ọ̀bẹ sílẹ̀ tó ń sá lọ, tí o lé e bá, èwo ni ìgbèjà níbẹ̀? Ẹ̀yin tó sì ń gbé táyà kọ́ olè lọ́rùn, bí ẹ bá pé mẹ́wàá, ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni 316 lè mú.

Ìyágankú náà ń da àwọn ará ilé láàmú. Májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, kì í tilẹ̀ béèrè bóyá ó jẹ̀bi. Ó kàn ní kí wọ́n lọ tì í mọ́lé ni, kí fáìlì lọ sí ọ́fíìsì DPP, olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń rí sí ẹjọ́ ọ̀daràn, àwọn tó máa sọ irú ẹ̀sùn tó yẹ. Àwọn ẹbí á ní ẹjọ́ ti parí, wọ́n á lọ sílé lọ máa sunkún, fáìlì á sì máa sùn. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí lọ́yà máa lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council. Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀, ẹ̀sùn ìpànìyàn sì wà lára èyí tí wọ́n ń gbà rò.

Kí lọ́yà tó dé ńkọ́? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-è-jẹ. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún ẹni tí wọ́n mú láyè láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀. Abala 36 ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀, Olóòtú. Ẹ ní kí akọ̀ròyìn yín máa béèrè nọ́ńbà abala lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù kó tó kọ àkọlé, kó sì máa kọ "afurasí" títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀.

Ọmọ wẹ́dà yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Ìwé ìròyìn kan gbé àwòrán rẹ̀ nígbà náà, wọ́n kọ "Apànìyàn" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ó jáde, wọn ò gbé e. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé géètì lọ bá a kó bá mi jó o. Oníbàárà kan wà níbẹ̀ tó ń nájà, ọ̀rọ̀ owó ò wọ̀, ló bá ní, "Ṣé o fẹ́ pa èmi náà ni?" Ọmọ náà ò dáhùn. Ó bọ gọ́gù padà sójú, ó ń jó géètì mi lọ.

Èmi ni tiyín,
Ògbufọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.