Lẹ́tà sí àbúrò mi tó rí ilé olówó pọ́ọ́kú ní Creuse

Àkànní mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwòrán ilé tí o fi ránṣẹ́ lóru Sátidé. Mo wò ó títí. Ilé olókùúta, yàrá mẹ́rin, igi ápù méjì lẹ́yìnkùlé, 34,000 yúrò. O ní owó yẹn kò lè ra yàrá kan àti pálọ̀ ní Lẹ́kí. O ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ò ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, ibikíbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà lo ti lè ṣe é. O tún ní ṣebí èmi náà ń gbé Creuse, ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, láti 2019, kí ló wá dé tí mi ò tíì pè ọ́? Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn lórí fóònù, torí mo mọ̀ pé wàá máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Jókòó, kó o kà á.

Inú mi dùn pé o fẹ́ wá. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Ọjọ́ kan ò lọ kí n má rò ó pé ì bá dára ká ní ọmọ ìyá mi kan wà nítòsí tí mo lè sọ Yorùbá sí létí láìjẹ́ pé fóònù wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ilé lo rí, Àkànní, o ò tíì rí abúlé. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ti sọ ọmọ lórúkọ, o ò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà.

Ìdí tí ilé fi wọ́pọ̀ níbí kò ju pé àwọn tó ni ín ti lọ. Ní 1851, nǹkan bíi 287,000 èèyàn ló wà ní Creuse. Lónìí, wọn ò pé 120,000. Ilẹ̀ ibí ò fi bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ oko, nítorí náà iṣẹ́ bíríkìlà làwọn ọkùnrin wọn gbájú mọ́. Bí òtútù bá ti ń lọ, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé Paris láti lọ mọlé, bí òtútù bá sì ti ń padà bọ̀, àwọn náà á padà wálé. Ọ̀kan nínú wọn, Martin Nadaud, tí wọ́n bí ní 1815, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ gba ọ̀nà náà ní 1830. Ó di aṣòfin nígbà tó yá. Díẹ̀díẹ̀ làwọn ọkùnrin yẹn ń kó ìyàwó wọn lọ, tí wọn ò padà mọ́. Ògiri tó wù ọ́ nínú àwòrán yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ irú wọn ló mọ ọ́n. O rántí ilé bàbá bàbá wa lábúlé, tí àgádágodo ti dípẹtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Irú rẹ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nípa tìrẹ. Ẹnikẹ́ni ló lè ra ilé ní ilẹ̀ Faransé, kódà kó jẹ́ láti Èkó. Ṣùgbọ́n ilé tó o rà kò fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé inú rẹ̀. Físà Schengen, físà ìbẹ̀wò ilẹ̀ Yúróòpù, kò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́, ì báà jẹ́ ààfin lo ní síbẹ̀. Èmi fi pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, torí wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ọ̀nà yẹn ti dí pátápátá. Ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí ní físà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ Faransé kò ní irú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní *visiteur*, ìyẹn àlejò, wàá fọwọ́ sí i pé o ò ní ṣiṣẹ́ kankan ní Faransé. Àwọn kan á sọ fún ọ pé iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà kì í ṣe iṣẹ́ ní Faransé. Mi ò ní jẹ́ kí àbúrò mi fi gbogbo owó tó kó jọ ra ilé lórí ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan lè fi ẹnu kan yí padà. Físà ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe ni kó o béèrè. Kó àwọn ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ jọ, kó hàn pé owó tó ń wọlé fún ọ kò kéré sí owó-oṣù tó kéré jù lọ tí òfin wọn fọwọ́ sí. Bó o bá sì ti dé, fi orúkọ físà náà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Bí iṣẹ́ tèmi ṣe ń lọ, o mọ̀ pé ìwé ìṣirò owó ni mò ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe. Níbí, *micro-entrepreneur*, ìyẹn ẹni tó ń dá iṣẹ́ kékeré ṣe, ni orúkọ tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta ni mò ń kọ iye tó wọlé fún mi ránṣẹ́, àwọn Urssaf, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì, á sì gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí kọ́bọ̀ ò bá wọlé, o ò ní san kọ́bọ̀, àmọ́ o gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé kọ́bọ̀ ò wọlé. Owó Amẹ́ríkà tìrẹ náà, bó bá ti jẹ́ ibí ni ilé rẹ wà, ibí lo ti máa san owó orí rẹ̀. Má ka báńkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe, ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó yá a lówó ilé. Owó ọwọ́ rẹ lo máa fi rà á, wọ́n sì máa bi ọ́ pé báwo lo ṣe rí i. Nítorí náà, Àkànní, má gbé náírà rẹ fún àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lábẹ́ bíríìjì. Gba inú báńkì, kó o tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Má gba ti ejẹ́ńtì gbọ́. Kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, bi í pé ṣé okùn *fibre*, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń yára, ti wọ ilé tirẹ̀. Wáyà àtijọ́ tí wọ́n ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń gé e kúrò, wọ́n sì fẹ́ parí rẹ̀ kí ọdún 2030 tó tán.

Jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ra tèmi fún ọ, torí n ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé délẹ̀délẹ̀.

Mo ti yá ilé gbé fún ọdún kan ní ìtòsí Aubusson, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ara ògiri láti ayébáyé, kí n tó rí ilé yìí. Obìnrin arúgbó kan ló ni ín, ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló jogún rẹ̀ pa pọ̀. *Indivision* ni wọ́n ń pè é. Ilé ẹbí ni, Àkànní! Ilé ẹbí gan-an, bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "Ilé yìí kì í ṣe fún títà" sára ògiri rẹ̀ nílé wa. Mẹ́ta nínú wọn fẹ́ tà á. Èyí tó kẹ́yìn, obìnrin kan tó ń gbé ní Lyon, kọ̀. Oṣù méje ni kò fi dá lẹ́tà kankan lóhùn. Ejẹ́ńtì ní kí n lọ wá ilé míì. Mo ní rárá, torí mo mọ ohun tó ń ṣe obìnrin yẹn. Mo mọ bí ó ṣe rí lára mi nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wa fẹ́ ta ilé Ìyá Àgbà.

Níkẹyìn ó wá. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀. A jọ gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ibùsùn onígi kan wà ní yàrá tó kọjú sí oko, ó jókòó sí etí rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa ibi tí igi ti là lórí rẹ̀. Ó ní orí rẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Ó wá bi mí pé ní ìlú tiyín, kí lẹ máa ń ṣe sí ilé ìyá yín? Faransé mi ò tíì dán mọ́rán nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé a kì í tà á, pé àwa tá a bá wà lókèèrè ń fi owó ránṣẹ́ láti fi tún òrùlé rẹ̀ ṣe, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gbé inú rẹ̀. Ó mi orí. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ sí i. Àpótí búrẹ́dì ìyá rẹ̀ nìkan ló gbé lọ. Orí ibùsùn yẹn ni mò ń sùn dòní.

Ohun kan tí mo nífẹ̀ẹ́ sí níbí ni pé *notaire*, òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe ìwé ilé títà, máa ń yẹ ìwé wò láti orí ẹni tó ń tà á títí dé orí àwọn tó tà á fún un. Kò sí pé wọ́n ta ilẹ̀ kan fún èèyàn mẹ́ta, kò sí ọmọ onílẹ̀ tó máa wá gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. O lè mú *notaire* tìrẹ wá, kò ní mú kí owó pọ̀ sí i, torí àwọn méjèèjì ló máa pín in. Bó o bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́wàá lo ní láti yí ọkàn padà láìsan nǹkan kan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó o sì sá, owó àsansílẹ̀ rẹ lè lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé.

Sì rò ó mọ́ ọn pé 34,000 yẹn kọ́ lo máa san. Owó ìwé àti owó ìjọba lórí ilé àtijọ́ máa ń tó ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ti ilé olówó kékeré sì máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni sọkawéè. Nínú ìwé àyẹ̀wò ilé mi, ìlà kan péré ló sọ pé sọkawéè kò bá òfin mu. Mo kà á, mo yí ojú ìwé. Ọdún kan péré ni òfin fún ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ láti tún un ṣe. 9,400 yúrò ló gbà lọ́wọ́ mi. Lọ béèrè ìwé yẹn lónìí, kó o wá ìlà náà.

Òtútù wá ńkọ́? Júláì ni wọ́n ya àwòrán tó o rí yẹn, mo mọ̀ ọ́n láti ara ewé. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo ra igi ìdáná lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ó ti gbẹ. Kò gbẹ. Bí mo bá fi iná sí i, omi á máa hó jáde ní orí igi, á máa dún bí ẹja tútù nínú epo gbígbóná, gíláàsì sítóòfù á dúdú, yàrá ò sì ní móoru. Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta, mo wé gèlè sórí, mo sì ń fi ìka tó ti kú tẹ kọ̀ǹpútà, torí oníbàárà ò mọ̀ pé dígírì mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀ òdo níta. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò gbọ́ ohùn èèyàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìwọ tí o kò lè sùn bí ilé ìjọsìn òdìkejì ò bá lu ìlù, ṣé o ti bi ara rẹ bóyá o lè gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn?

Ohun tó gbé mi ró ni ìkíni. Mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo na ọwọ́ sí búrẹ́dì tí mo fẹ́. Obìnrin náà kàn wò mí, ó ní "Bonjour", ó sì dúró. Ó dúró títí mo fi dáhùn. Ojú tì mí, torí bí ọmọ Yorùbá ṣe gbọ́dọ̀ hùwà nìyẹn, mo sì ti gbé e jù sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ náà, mi ò kọjá ẹnikẹ́ni láì kí i. Ìyá àgbà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà dá mi mọ̀ nípa ìyẹn. Òun ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń mọ igi gbígbẹ: ó mú méjì, ó gbá wọn pọ̀, ó ní kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún gan-an-gan. Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un. Ó fún mi ní ewébẹ̀ oko rẹ̀. Nígbà tí dókítà kò fẹ́ gba aláìsàn tuntun mọ́, òun ló bá mi pè é.

Nítorí náà, má fọwọ́ sí nǹkan kan. Gba físà ìbẹ̀wò, kó o wá ní Jánúárì, má wá ní Júláì. Lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá, àmọ́ gba ìsinmi lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà rẹ. Mà á gbé ọ dé ilé tó o rí yẹn, a ó wò ó bóyá òrùlé rẹ̀ ń jò, a ó ṣí ọmọrí sọkawéè rẹ̀. Ilé náà ti wà lọ́jà fún ọdún méjì, kò ní sá. Má di pọ̀nmọ́ sínú ẹrù, kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á. Ankara tí Ìyá Ìbejì rán fún mi ni kó o bá mi mú bọ̀.

Yàrá tó kọjú sí oko ni mo ti pèsè sílẹ̀ fún ọ. Ọkọ̀ búrẹ́dì máa ń fọn fèrè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Ìwọ ni n ó máa rán jáde sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́