Àjàní, Má Gun Kẹ̀kẹ́ Yẹn Mọ́

Àjàní ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún mi pé o ti ra kẹ̀kẹ́, pé sípóòkù méjì, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ti já lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí o sì ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, o kà á, o dákẹ́. Ṣé èmi náà ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?

Ìyá rẹ wà dáadáa. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò. Òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò.

Má gun kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ títí wọn yóò fi tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Bí sípóòkù kan bá já, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò gba ẹrù rẹ̀ rù. Ríìmù, irin róbótó tí táyà wọ̀, á wọ́, á máa ha bíréèkì, òmíràn á sì já. Má sọ fún ara rẹ pé sísanra rẹ ló fà á. Sípóòkù tí wọn ò fà le dáadáa ló ń já. Gbogbo ìgbà tí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan ló ń dẹ̀ tó tún ń le, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn, títí yóò fi kán níbi tó ti tẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù, irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹni tó ń gùn ún, ìdí nìyẹn tí tiwájú fi máa ń pẹ́ jù ú lọ.

Má jẹ́ kí wọ́n kàn fi méjì tuntun rọ́pò méjì tó já. Ìyà tó jẹ àwọn tó já ló jẹ àwọn tó kù. Sọ fún ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pé kó fi sípóòkù tuntun hun gbogbo rẹ̀, kó sì fà wọ́n lọ́gbọọgba. Bí họ́ọ̀bù àti ríìmù rẹ bá jẹ́ oníhò sípóòkù 24, pààrọ̀ wọn sí oníhò 36. Lẹ́yìn ìyẹn, máa fi ọwọ́ fún wọn ní méjì méjì láti mọ èyí tó dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí o fi wéra o, nítorí lẹ́yìn, tí ẹ̀gbẹ́ ṣéènì máa ń le ju ti òdìkejì lọ.

Mo mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Èmi ni mo máa ń fi ara rẹ ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àlejò, tí gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, tí ìwọ náà á bá wa rẹ́rìn-ín. Bóyá nítorí ẹ̀ lo ṣe dá lọ ra kẹ̀kẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe jẹun. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ló yẹ kí o máa gùn kiri lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ti já.

Wo ìwé kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n máa ń kọ ìwúwo tó lè gbé síbẹ̀, ẹrù tí o bá dì sí i sì wà nínú iye náà. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò yẹ ọ́. Bí férémù bá gbà á, lo èyí tó fẹ̀ tó milimítà 40 sí 50. Fún un ní atẹ́gùn kí o tó jáde, kí ti ẹ̀yìn le ju ti iwájú, ṣùgbọ́n má kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà. Bí o bá rí ihò kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára tíúbù, atẹ́gùn ló kéré tí ríìmù fi gé e. Bí o bá kan kòtò, gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, kí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ rọ̀. Máa tètè tẹ bíréèkì, méjèèjì papọ̀, torí ohun tó wúwo kì í tètè dúró.

Láti mọ bí ìjókòó ṣe yẹ kó ga tó, gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dààlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ rẹ na tán. Bí o bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wà á, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Èyí tó relẹ̀ jù á máa dun iwájú orúnkún, èyí tó ga jù á mú kí ìbàdí rẹ máa fì. Má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ lè kanlẹ̀. Bí o bá fẹ́ dúró, sọ̀ kalẹ̀ síwájú ìjókòó. Má sì jẹ́ kí ìjókòó tó rọ̀ bíi tìmùtìmù tàn ọ́: ó máa ń rì, á wá máa tẹ ẹran ara láàárín. Èyí tó fẹ̀ tó egungun méjì tí o fi ń jókòó lo fẹ́. Egungun yẹn á dùn ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n bí abẹ́ rẹ bá kú tipiri, nǹkan kan ò tọ̀nà. Gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ga tó ìjókòó tàbí jù ú lọ, kí itan má máa gbá ikùn rẹ, kí o lè mí.

Dókítà ni kí o kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, máa gùn ún fún ìṣẹ́jú 15 lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, jíà tó fúyẹ́. Kí pẹ́dààlì yí bí ìgbà 70 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Fífi agbára tẹ jíà tó le ló ń ba orúnkún jẹ́. Bí o ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, dẹwọ́. Bí àyà bá dùn ọ́ tàbí òòyì kọ́ ọ, sọ̀ kalẹ̀. Máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, má sì máa gun ìwọ̀n lójoojúmọ́. Èémí rẹ á dára kí ìwọ̀n tó sọ ohunkóhun.

Ṣé o ti gbé e lọ tún ṣe báyìí? Bí owó ló dí ọ lọ́wọ́, sọ. Mi ò ní bá ọ wí.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o má wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò tí wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, pé ojú rírán pátá ló ń bó itan, kí o sì fi fasilíìnì pa ibẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun láti sọ ọ́ fúnra òun.

Èmi bàbá rẹ.