Ìjì hurricane àti àwa tó ń lọ lo ìsinmi lókè òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti ń múra ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni mo máa ń rí àwọn ará àdúgbò mi tí wọ́n ń di ẹrù lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn sì ń gba ibẹ̀ kọjá sí àwọn erékùṣù Kàríbéánì. Ojú ewé ìrìn-àjò inú ìwé ìròyìn yín ti là wá lọ́yẹ̀ púpọ̀ nípa físà, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwọ̀n ẹrù. Àmọ́ n kò tíì kà á níbẹ̀ rí pé àsìkò tí à ń lọ yẹn gan-an ni ìgbà ìjì hurricane (ìjì ńlá tó ń ti orí òkun wá pẹ̀lú atẹ́gùn líle àti òjò) lórí òkun Àtìláńtíìkì, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, tó ń parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá, tó sì máa ń gbóná jù lọ láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá.

Èmi náà kò mọ̀ títí di oṣù Keje ọdún 2024, tí èmi àti ìyàwó mi lọ kí ọmọ wa ọkùnrin ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá wa ṣètò ìrìn-àjò náà bi wá léèrè irú oúnjẹ tí a fẹ́ jẹ nínú bàálù, kò bi wá bóyá a mọ ohun tó ń jẹ́ hurricane. Orí tẹlifíṣọ̀n ni a ti ń wo ìjì tí wọ́n sọ ní Beryl bó ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù náà ló kọlu erékùṣù Carriacou ní orílẹ̀-èdè Grenada, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti wọ ìpele karùn-ún, tó le jù lọ; kò sí ìjì Àtìláńtíìkì tó tíì tètè dé ìpele yẹn bẹ́ẹ̀ nínú ọdún rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Jàmáíkà kọjá, ó ya Mẹ́síkò, ó sì gúnlẹ̀ sí etíkun Texas ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ. Nígbà náà, ó ti rọ̀ wálẹ̀ sí ìpele kìíní, ni mo bá fọkàn balẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ilé àti ilé ìtajà tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná mànàmáná kú mọ́ lọ́wọ́, tiwa kò sì dé títí di ọjọ́ kẹrin, nínú ooru tó ń hó bí omi gbígbóná.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ọmọ mi pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ títí dé ẹnu. Ìyá rẹ̀ bi í pé ta ló fẹ́ wẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn. Ó ní bí omi ẹ̀rọ bá dá, òun ni a ó máa dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wá gbé ife omi kan sínú ẹ̀rọ amúǹkandì, nígbà tó dì tán ó fi owó wẹ́wẹ́ kan lé e lórí. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ètùtù ni. Nígbà tí a ṣí ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ kẹrin, owó yẹn ti rì sí ìsàlẹ̀ ife, èyí tó fi hàn pé yìnyín náà ti yọ́, àti pé ohun gbogbo tó wà nínú ẹ̀rọ ti yọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí a ṣe da ìkòkò ẹ̀gúsí odidi tí ìyàwó mi sè nù nìyẹn. Èlùbọ́ láfún tí a gbé láti ilé nìkan ni nǹkan kan kò ṣe.

Ìpele kìíní sí ìkarùn-ún tí wọ́n ń kà yìí, atẹ́gùn nìkan ni wọ́n fi ń wọ̀n. Kìíní bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 119 ní wákàtí kan, ìkarùn-ún sì bẹ̀rẹ̀ láti 252. Kò sọ ohunkóhun nípa omi, bẹ́ẹ̀ omi ló ń pa èèyàn jù. Ẹni tó bá rántí omíyalé tó gbé ẹ̀mí lọ ní Abẹ́òkúta wa níbí ní oṣù Keje ọdún 2018 mọ̀ pé omi kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Òjò ló fa tiwa. Ní ti hurricane, atẹ́gùn yóò ti òkun fúnra rẹ̀ wọ ìgboro, òjò yóò sì tún máa rọ̀ lé e lórí. Nígbà tí ìjì Katrina ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, irú omi bẹ́ẹ̀ àti àwọn ògiri adènà omi tó ya ní ìlú New Orleans ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tó kú. Nítorí náà, bí àwọn aláṣẹ bá ní kí àwọn tó wà létíkun kúrò, kí àlejò má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú aládùúgbò.

Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Onílé ní mọ́tò, ó ní ẹbí ní ìlú kejì, ó mọ ọ̀nà tí omi kì í dí. Ẹni tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì kò ní ju báàgì rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjì Otis kọlu Acapulco, ìlú ìgbafẹ́ ní Mẹ́síkò. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ló ti inú ìjì kékeré di ìpele karùn-ún, tó sì fọ́ gíláàsì àwọn òtẹ́ẹ̀lì gogoro mọ́ àwọn tó wà nínú wọn. Ọjọ́ tí èèyàn bá dé òtẹ́ẹ̀lì ni kó ti béèrè bóyá ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n máa ń lé èèyàn kúrò, àti ibi tí kò ní fèrèsé tí wọ́n lè sá sí.

Ọ̀rọ̀ méjì tún wà tó máa ń jọra létí wa, tí National Hurricane Center ní Miami, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìjì, máa ń kéde. Hurricane Watch ni pé ó ṣeé ṣe kí ìjì dé, nǹkan bí wákàtí 48 ṣáájú kí atẹ́gùn tó le. Hurricane Warning ni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀, ó sì ku nǹkan bí wákàtí 36. Lójú tèmi, Watch ni kí àlejò ti gbéra, nítorí pápákọ̀ òfurufú máa ń tì kí ìjì tó dé. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò pẹ̀lú, kí wọ́n tó sọ ìjì lórúkọ ni kí á ti rà á, torí bó bá ti lórúkọ, wọn kì í sábà san owó lórí rẹ̀ mọ́.

Bí ọ̀nà kò bá sí mọ́, kí á wà nínú ilé, jìnnà sí fèrèsé, pẹ̀lú omi mímu tó tó lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́, oògùn, owó ọwọ́ (ẹ̀rọ ATM kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná), àti pásípọ́ọ̀tù tí a wé sínú náílọ̀nù. Bí gbogbo rẹ̀ bá dédé pa lọ́lọ́ tí oòrùn sì yọ, ó lè jẹ́ pé àárín ìjì gan-an ni a wà, tí atẹ́gùn yóò tún padà wá láti òdìkejì. Èyí tí mo ń bẹ̀ wá lé lórí jù ni ti jẹnẹrétọ̀, nítorí mo mọ ìwà wa. Èéfín rẹ̀ tí a kì í rí, tí kò sì ní òórùn, máa ń pa èèyàn lẹ́yìn tí ìjì ti lọ tán. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ààyè rẹ̀, ìta ni, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì tó lágbára jù lọ yìí, láti ẹ̀bá ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ìrúkèrúdò òfurufú tó ń bí wọn ti ń kọjá lọ sórí òkun, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi àwọn ọjọ́ ìgbà ìjì sí ojú ewé ìrìn-àjò yín láti oṣù Kẹrin, kí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Abẹ́òkúta sì máa sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó sanwó.

Ọmọ wa tún ti ń pè wá. Ìyàwó mi ní òun yóò lọ, àmọ́ oṣù Kejì ni kó ra tíkẹ́ẹ̀tì òun sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.