Àdìrẹ Abẹ́òkúta nílò òǹtẹ̀ tirẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìgbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ayédèrú àdìrẹ bá tún jáde, igbe kan náà là ń gbọ́: kí ìjọba fòfin de èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà. Aránṣọ ni mí l'Abẹ́òkúta, aṣọ yìí ń gba ọwọ́ mi kọjá lójoojúmọ́, mo sì mọ ìdí tí inú fi ń bí àwọn aládìrẹ. Àmọ́ ìfòfindè nìkan ò lè gbà wá. Ẹni tó wà l'Ékòó tàbí London tó ń ra aṣọ lórí fóònù kò rí ẹnubodè, kò rí aṣọ́bodè, aṣọ nìkan ló rí. Kí ló fẹ́ fi mọ èyí tó jẹ́ tiwa?

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, màmá kan gbé ọ̀pá márùn-ún wá bá mi pé kí n bá wọn fi rán ìró àti bùbá. Ẹni tó tà á fún wọn ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Àwòrán Ìbàdàndùn ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú òpó Gbọ̀ngàn Màpó, ó sì rẹwà lójú. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta: funfun ni, aró ò wọnú rẹ̀ rárá. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wo òpó àkọ́kọ́ àti èyí tó wà létí kejì, ìlà kan ò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti ìyá aláró rí, tó rí bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ, mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn kì í yà á báyẹn. Owó àdìrẹ gidi ni màmá náà san. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òfin tó lè ràn wá lọ́wọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Òfin àmì ọjà ti Nàìjíríà, Trade Marks Act ti ọdún 1965, kò mọ sórí àmì tí iléeṣẹ́ ń lẹ̀ mọ́ páálí ọṣẹ àti ìgò ọtí. Abala 43 rẹ̀ fàyè gba àmì ẹ̀rí, èyí tó ń sọ fún oníbàárà pé ibi báyìí ni ọjà ti wá, ohun báyìí ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀nà báyìí ni wọ́n gbà ṣe é. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó. Gbogbo ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Àwọn ahunṣọ erékùṣù Outer Hebrides ní Skọ́tíláǹdì ti fi irú àmì bẹ́ẹ̀ gba ara wọn là. Harris Tweed ni aṣọ wọn ń jẹ́, àwọn oníṣòwò sì ń fi orúkọ náà ta aṣọ tí kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1909, wọ́n gba àmì kan tó ní àgbélébùú lórí, nígbà tó fi máa di 1911 wọ́n ti ń lù ú mọ́ aṣọ bí òǹtẹ̀. Ní 1993, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tún ṣòfin fún aṣọ yìí nìkan: erékùṣù náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pa irun àgùntàn rẹ̀ láró, kí wọ́n ran án di òwú níbẹ̀, kí ahunṣọ sì fi ọwọ́ hun ún nínú ilé ara rẹ̀. Inú ilé ara rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn ìyá wa tó ń po aró lẹ́yìnkùlé kò yàtọ̀ sí wọn.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn wọn ṣẹlẹ̀ ní 1934. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ran òwú. Nígbà tí ọwọ́ ò ká a mọ́, wọ́n tún ìlànà àmì náà ṣe, wọ́n gbà kí ẹ̀rọ máa ran òwú, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ẹ̀rọ gba híhun lọ́wọ́ ahunṣọ. Irú ìpinnu yìí la máa kọ́kọ́ ṣe, mo sì mọ̀ pé ìjà máa bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan máa ní èyí tí wọ́n fi ẹlú, aró ìbílẹ̀ wa, pa láró nìkan ló ń jẹ́ àdìrẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ tí a bá dúró lórí ìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi abẹ́là àti aró ìgbàlódé ṣe iṣẹ́ gidi ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú máa ṣubú síta. Lójú tèmi, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló di í tàbí ló ya àwòrán rẹ̀, kí aró wọ aṣọ náà dé ẹ̀yìn, kó sì jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é. Kí aṣọ ẹlú ní àmì kejì tó ga ju èyí lọ, kí owó rẹ̀ náà sì ga.

Òfin Nàìjíríà yẹn tún sọ pé ẹni tó ń ta irú ọjà náà kò lè jẹ́ ẹni tó ni àmì ẹ̀rí rẹ̀. Ìyẹn ni pé kò sí oníṣòwò ńlá kankan tó lè gbà á sórúkọ ara rẹ̀ kó sì máa fi gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ìgbìmọ̀ tí kì í tajà ló yẹ kó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní 2021, ariwo sọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ayé gbọ́ pé iléeṣẹ́ aláṣọ kan, Timbuktu Global, ti fi orúkọ Yoruba sílẹ̀ bí àmì ọjà tirẹ̀. Nígbà tí CultureTree, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa lédè Yorùbá ní London, fẹ́ fi orúkọ Yoruba Stars sílẹ̀, iléeṣẹ́ náà tako wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá fárígá lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí iléeṣẹ́ náà fi yọ̀ǹda àmì náà fún olùdásílẹ̀ CultureTree. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí wọ́n ti gbé e lọ la tó pariwo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ta àdìrẹ lórí Instagram, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́tọ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò tí ẹ gbà lọ́wọ́ CAC kò sọ orúkọ ọjà yín di tiyín. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ l'Ábújá ni ẹ ti máa ṣe ìyẹn. Ọdún 7 ni ti àkọ́kọ́, tí ẹ bá tún un ṣe, á di ọdún 14.

Mo ń bẹ àwọn ìyálọ́jà Ìtòkú àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn pé kí wọ́n pe àwọn aládìrẹ jókòó, kí wọ́n kọ ìlànà náà sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí Àbújá. Kí owó tí wọ́n máa gbà lórí òǹtẹ̀ má ju ohun tí ìyá tó ń ṣe aṣọ méjì lọ́sẹ̀ lè san.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aránṣọ kan, Abẹ́òkúta