Ẹ má fi àdúrà ẹni díwọ̀n àdó olóró rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka ọ̀rọ̀ olóòtú tí ẹ kọ nípa Iran àti ohun ìjà núkílíà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè bá àwọn olórí Iran sọ̀rọ̀ kó yéra, torí pé Máhídì ni wọ́n ń retí, ìyẹn atọ́nisọ́nà tí àwọn Mùsùlùmí Ṣíà gbà pé yóò dé nígbà ìkẹyìn, ẹni tó bá sì ń retí òpin ayé kò ní bẹ̀rù láti fọwọ́ ara rẹ̀ fà á wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ni mo yá ìwé ìròyìn náà. Ó kà á, ó ká a, ó dá a padà fún mi, kò sì sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí nǹkan bá dùn ún ni kì í sọ̀rọ̀.

Onígbàgbọ́ ni èmi. Jésù ni mo ń retí ní tèmi, mo sì gbà tọkàntọkàn pé yóò dé. Síbẹ̀ mo ń tọ́ ọmọ, mo ń fowó pamọ́ de ọjọ́ ogbó, mi ò sì fẹ́ kí ayé parun lọ́la.

Mi ò sọ pé ìgbàgbọ́ olóṣèlú kò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ó já mọ́ nǹkan gan-an, pàápàá nínú ojú tó fi ń wo àdó olóró tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tirẹ̀ á di ẹ̀bùn Ọlọ́run, tẹlòmíràn á di ti Sátánì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní August 9, 1945, Ààrẹ Truman bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọwọ́ àwọn ni àdó átọ́míìkì bọ́ sí, pé kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tọ́ àwọn sọ́nà láti lò ó bí Ó ti fẹ́. Ọjọ́ yẹn náà ni èyí tí wọ́n jù sí ìlú Nagasaki ní Japan bú gbàmù lókè àdúgbò Urakami, níbi tí kàtídírà àwọn Kátólíìkì wà. Àwọn èèyàn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àlùfáà. Kò sí ẹni tó yè nínú wọn. George Zabelka, àlùfáà Kátólíìkì tó ń bójú tó ọkàn àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní erékùṣù Tinian tí ọkọ̀ náà ti gbéra, lo ọ̀pọ̀ ọdún ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ láti máa sọ ọ́ ní gbangba pé òun ṣẹ̀, torí pé òun ò la ẹnu òun nígbà tó yẹ.

Ẹni tí mo máa ń ronú kàn jù nínú wọn ni Reagan, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Ní March 8, 1983, ní Orlando, níwájú àwọn oníwàásù ajíhìnrere, ó pe ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní ìjọba ibi. Ó tún kìlọ̀ fún wọn nípa àwọn tó ní kí kíkó ohun ìjà núkílíà jọ dúró síbi tó dé. Nígbà tó di October 1984, tí òun àti Mondale ń figa gbága fún ipò ààrẹ, akọ̀ròyìn Marvin Kalb rán an létí ohun tó ti ń sọ nípa Amágẹ́dọ́nì, ogun òpin ayé inú Bíbélì, ó sì bi í bóyá ibẹ̀ ni ohun ìjà núkílíà ń gbé ayé lọ. Reagan ní lóòótọ́ ni òun ti bá àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹgbẹ̀rún ọdún ló kù tàbí ọ̀túnla, nítorí náà òun ò fi í ṣètò ìjọba. Ìbéèrè yẹn wù mí púpọ̀. Kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀, kò sì sí ìbẹ̀rù.

Ẹni yìí kan náà ló jókòó pẹ̀lú Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, ní Geneva ní November 1985, tí wọ́n jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè borí nínú ogun núkílíà, a ò sì gbọdọ̀ jà á láé. Ní December 1987 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n torí rẹ̀ ba mísáìlì 2,692 jẹ́. Bíbélì tó ń kà ní 1983 náà ló ń kà ní 1987. Àmọ́ ó ti rí ojú ẹni tó ń pè ní ọ̀tá, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ máa ní Iran yàtọ̀. Òótọ́ ni pé ní September 2005, Ahmadinejad, ààrẹ Iran nígbà náà, fi àdúrà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹni ìlérí náà, ìyẹn Máhídì, yára dé. Gbogbo ayé ló gbé e kiri. Ní April 2010, Ayatollah Khamenei, tó ga jù ú lọ nínú ẹ̀sìn àti nínú ìjọba nígbà náà, ránṣẹ́ sí àpérò kan ní Tehran pé háráámù ni lílo irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ẹ̀rí, kí ló dé tí ti èkejì kò jẹ́ ẹ̀rí? Mi ò ní kí ẹ gba èyíkéyìí gbọ́. Yúréníọ̀mù, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àdó náà, ni kí ẹ lọ wò, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di alágbára tó. Àdéhùn tí Iran bá Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè míì ṣe ní 2015 ní kí Iran má ṣe kọjá ìdá 3.67 nínú ọgọ́rùn-ún. Amẹ́ríkà jáde kúrò nínú rẹ̀ ní May 2018. Nígbà tó fi máa di 2021, Iran ti ń ṣe èyí tó tó ìdá 60, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 90 ni wọ́n fi ń ṣe àdó olóró. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fún àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì ló sì wọ̀n ọ́n nígbà náà. Ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ò sí nínú ìwọ̀n yẹn.

Kí ẹ sì wo òdìkejì. Ní March 3, 2015, Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó sì fi ìtàn Ẹ́sítérì àti Hámánì ní ilẹ̀ Páṣíà ṣàlàyé Iran òde òní. Ní 2019, wọ́n bi Mike Pompeo, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, bóyá Ọlọ́run gbé Trump dìde bí Ẹ́sítérì láti gba àwọn Júù lọ́wọ́ Iran. Ó ní gẹ́gẹ́ bíi Kìrìsìtẹ́nì, òun gbà pé ó ṣeé ṣe. Ní June 2025, ọjọ́ díẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó kọlu Fordow, Natanz àti Isfahan, àwọn ibùdó núkílíà Iran, Sẹ́nétọ̀ Ted Cruz ti Amẹ́ríkà ní Bíbélì ló kọ́ òun pé ẹni tó bá súre fún Ísírẹ́lì, ìre ni yóò bá a. Wọ́n ní ibo ló wà? Kò lè sọ. Jẹ́nẹ́sísì orí 12 ni, Ábúráhámù sì ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó dùn mí dé ọkàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ Bíbélì ka iwájú ọ̀rọ̀ ogun, ó yẹ kó ti jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ tún fi Kòríà Àríwá wé e. Láàárín 2006 sí 2017, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n dán àdó olóró wò. Wọ́n ní in, kì í ṣe pé wọ́n ń wá a. Pásítọ̀ Robert Jeffress ní 2017 sọ pé Ọlọ́run fún Trump láṣẹ láti mú Kim Jong Un, olórí wọn, kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò ràn láàárín àwọn olóṣèlú bíi ti Iran. Nígbà tó di June 2018, Trump ti ń bọ Kim lọ́wọ́ ní Singapore. Èrò tèmi ni pé Páṣíà, tó di Iran lónìí, wà nínú Bíbélì, Pyongyang, olú ìlú Kòríà Àríwá, kò sí níbẹ̀. Ewu tó wà nínú ìwé mímọ́ ẹni ló máa ń tóbi lójú ẹni.

Putin náà ńkọ́? Ní October 2018 ó ní bí ogun núkílíà bá dé, àwọn ará Rọ́ṣíà á lọ sí ọ̀run bí ajẹ́rìíkú, àwọn tó kọlù wọ́n kò sì ní rí àyè ronú pìwà dà. Ká ní olórí Iran ló sọ ọ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ yín ni ì bá wà. Bẹ́ẹ̀ Rọ́ṣíà ní ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún orí mísáìlì núkílíà lọ, Iran kò sì ní ẹyọ kan.

Ìgbàgbọ́ tún lè sọ ohun mìíràn. Hiroshima ni Póòpù Francis wà ní November 2019 nígbà tó ní kíkó ohun ìjà yìí pamọ́ pàápàá lòdì sí ìwà ọmọlúàbí, ká má tíì wá sọ ti lílò ó.

Ẹ ṣèlérí pé apá kejì ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ Khamenei àti ti Cruz sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi ti Putin tì wọ́n, kí iye ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí olóṣèlú kan bá sì tún wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ogun, ẹ bi í léèrè ohun tí Kalb bi Reagan, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe. Mo máa ra méjì lọ́jọ́ náà, kí n lè mú ọ̀kan lọ fún ọ̀rẹ́ mi.

Emi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́