Lẹ́tà sí Màmá nípa Bóma, Búdà àti Bàbá àgbà

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo kí yín, mo kí Dádì, mo kí gbogbo ará ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù náà sì ti ń dínkù. Èlùbọ́ àti irú tí ẹ fi rán sí mi dé ọwọ́ mi láìbàjẹ́. Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bi mí léèrè ohun tí mò ń wá nínú ọ̀rọ̀ Búdà, mo sì gbọ́ ọ lóhùn yín pé ọkàn yín kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti orí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. N kò kúrò nínú ìgbàgbọ́ tí ẹ fi tọ́ mi dàgbà. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì ń ka Sáàmù kí n tó sùn. Àwọn fíìmù kan ni mo wò, tí wọ́n sọ̀rọ̀ ìyà ọmọ aráyé lọ́nà tí n kò gbọ́ rí, ọ̀kan nínú wọn sì mú mi ronú kan Bàbá àgbà, bàbá tó bí yín. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lóru, àwọn tí ọmọ wọn kò ráyè dúró tì. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń yí wọn padà lórí ibùsùn, àwọn mìíràn a sì dágbére fáyé lójú mi. Ìyá kan láti Sìrí Láńkà ni a jọ máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wa kú, mo sì ń sọ irú ohun tí a máa ń sọ nílé, pé ó ti lọ sinmi, kí a má rò ó mọ́. Ìyá náà kò fèsì. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó ti òkú yẹn títí àwọn tó máa gbé e fi dé. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ àwọn ni pé kí ènìyàn wojú ikú, kó má sá fún un. Àwọn ni wọ́n yá mi ní fíìmù àkọ́kọ́.

Little Buddha ni orúkọ fíìmù náà. Ìtàn Siddhartha wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n wá ń pè ní Búdà. Bernardo Bertolucci, ará Ítálì, ló ṣe é ní 1993, Keanu Reeves ló sì ṣe Siddhartha. Apá tó wáyé ní Amẹ́ríkà nínú rẹ̀ kò wọ̀ mí lára. Apá ààfin ni n kò lè gbàgbé. Ọba tó bí Siddhartha kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí ohunkóhun tó lè bà á lọ́kàn jẹ́, ó ní kí wọ́n kó arúgbó àti aláìsàn kúrò ní gbogbo ọ̀nà tí ọmọ náà máa gbà kọjá. Ọmọ dàgbà, ó gbéyàwó, kò mọ̀ pé ara máa ń gbó. Ọjọ́ tí ó wá fojú ara rẹ̀ rí arúgbó, tí ó rí aláìsàn, tí ó rí òkú, ààfin náà kò gbà á mọ́. Ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún 29 ni nígbà tó jáde nílé, ó sì pé 35 kí ojú rẹ̀ tó là lábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya, ní Íńdíà.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Sarnath, bí oníṣègùn tó ń yẹ aláìsàn wò ló ṣe là á kalẹ̀. Ó ní ìyà wà nínú ayé. Ó ní ó níbi tí ìyà ti ń wá: ọkàn wa tó ń rọ̀ mọ́ ohun tí kò lè dúró. Ó ní ìyà lè tán, ọ̀nà sì wà tí ènìyàn lè tọ̀ kó tó tán. Màmá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má sunkún. Ó kọ́kọ́ gbà pé ó ń dunni.

Fíìmù kejì ló jẹ́ kí n mú bírò. Ará Japáànì tó ń jẹ́ Kon Ichikawa ló ṣe é ní 1956. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni The Burmese Harp, ìyẹn dùùrù ilẹ̀ Bóma. Bí mo ṣe rí Bóma lójú àkọlé, Bàbá ni mo rí. Ṣebí Bàbá Bóma ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí ogun tí wọ́n lọ jà níbẹ̀.

Oṣù keje ọdún 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Mizushima, ọmọ ogun Japáànì kan, mọ dùùrù àwọn ará Bóma ta. Ọ̀gá wọn kọ́ṣẹ́ orin kó tó di ológun, ó sì sọ gbogbo ẹgbẹ́ náà di akọrin. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yí abúlé tí wọ́n wà ká. Àwọn ará Japáànì rí wọn, wọ́n wá ń kọrin bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kí wọ́n lè ráyè palẹ̀ ìbọn mọ́. Orin kan tó ń sọ pé kò síbi tó dùn tó ilé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, orin òyìnbó tí wọ́n ti ń kọ lédè tiwọn láti ilé ìwé. Àfi bí àwọn ọ̀tá tó wà nínú igbó ṣe gbe orin kan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Ogun ti parí, wọn kò tíì gbọ́ ni.

Wọ́n wá rán Mizushima sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn tó wà lórí òkè, tí wọn kò fẹ́ juwọ́ sílẹ̀. Wọn kò gbà. Ìbọn ńlá pa wọ́n lọ ràì, òun nìkan ló yè. Mọ́ńkì kan, ìyẹn ẹni tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn Búdà, gbé e, ó tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, Mizushima sì jí aṣọ mọ́ńkì náà wọ̀, ó fá orí, kó lè rí ọ̀nà dé Mudon níbi tí wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Àwọn ará Bóma ń kúnlẹ̀ fún aṣọ olè yẹn, wọ́n ń bu oúnjẹ wọn fún un. Lójú ọ̀nà, òkú àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ wà nílẹ̀ káàkiri, igún ń jẹ wọ́n. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa kọjá lọ. Ní Mudon, ó gbọ́ orin ìsìn, ó yọjú, ó sì rí àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó tí wọ́n ń kọ ọ́ níbi sàréè ọmọ ogun Japáànì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọ̀tá! Ó pẹ̀yìn dà, ó padà síbi tí àwọn òkú wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni aṣọ tó jí ti di aṣọ rẹ̀ lóòótọ́.

Mo sunkún, Màmá. N kò fi pamọ́ fún yín. Kò sí ẹni tó wàásù nínú fíìmù náà, síbẹ̀ ohun tí ìyá Sìrí Láńkà yẹn ti ń sọ fún mi ni mo rí níbẹ̀. Àwòrán dúdú àti funfun ni látòkè délẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Bóma pupa bí ẹ̀jẹ̀. Torí pé o kò rí pupa náà, ńṣe ni wàá máa wá a nínú gbogbo àwòrán tó bá kọjá.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra odídẹrẹ́ kan, wọ́n kọ́ ọ pé kó máa sọ pé, "Mizushima, jẹ́ ká jọ padà sí Japáànì." Kò tẹ̀ lé wọn. Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn lọ sílé ni ọ̀gá wọn ti ka lẹ́tà rẹ̀. Ó ní kò sí ọmọ ènìyàn tó lè mọ ìdí tí ìyà fi pọ̀ tó báyìí láyé, ṣùgbọ́n a lè mú un fúyẹ́ fún ara wa, àti pé òun máa wà ní Bóma títí òun á fi sin àwọn òkú náà. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ìyá tirẹ̀ ńkọ́? Èmi náà rò ó. Ẹ fọkàn balẹ̀, èmi ń bọ̀ wálé.

Fíìmù náà ní ibi tó kù sí lójú mi. Michio Takeyama tó kọ ìwé tí wọ́n mú un jáde kò dé Bóma rí nígbà tó kọ ọ́. Ìyá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé mọ́ńkì irú ẹ̀sìn tiwọn, tó jẹ́ ti Bóma náà, kò gbọdọ̀ máa ta dùùrù. Ìyẹn kò tó nǹkan. Èyí tó dùn mí ni pé Japáànì ló gbé ogun wọ ilẹ̀ Bóma ní 1942, àwọn onílẹ̀ sì jìyà rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri. N kò sì rí aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin mọ̀ pé àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀.

Mo wá ka nípa wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ, ti 81 àti ti 82: ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà, ọmọ Sàró, ọmọ Gámbíà. Agbègbè Arakan, ní àfonífojì odò Kaladan, ni ọ̀pọ̀ wọn ti jà. Níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló sì ń já oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon, wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò ní sàréè sára òpó òkúta, nǹkan bí 27,000 orúkọ, àwọn tiwa wà lára wọn.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lọ́dọ̀ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó padà wálé. Ìbọn bà á ní Kaladan ní 1944, òun àti ará Sàró kan, àwọn Japáànì sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kú. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ó ń bọ́ wọn, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, ilé òun á parun. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà Bàbá Fadoyebo lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman, ó sì ṣe fíìmù rẹ̀. Bàbá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi bá yín wá a lórí YouTube.

Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Arakan, ni àwọn èèyàn Shuyiman. Ní 2017, àwọn ológun Mìánmà, orúkọ tí Bóma ń jẹ́ báyìí, lé àwọn tó ju 700,000 lọ nínú wọn sọdá sí Bangladesh, wọ́n sun abúlé wọn. Àwọn mọ́ńkì kan wà tó ti ń wàásù ìkórìíra wọn ṣáájú. Mo bi ìyá Sìrí Láńkà nípa rẹ̀. Wọ́n ní, "Aṣọ ni wọ́n wọ̀." N kò rí ìdáhùn tó ju ìyẹn lọ, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìdí kan nìyí tí ẹ kò fi ní láti bẹ̀rù pé wọ́n ti gba orí mi. Mo ń rí ohun tó dára níbẹ̀, mo sì ń rí èyí tí kò dára.

Ó ku fíìmù kan, Spring, Summer, Fall, Winter... and Spring. Kim Ki-duk ti Kòríà ló ṣe é ní 2003, inú tẹ́ńpìlì tó léfòó lórí adágún ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọdékùnrin kan ń so òkúta mọ́ ẹja, mọ́ ọ̀pọ̀lọ́, mọ́ ejò, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́ńkì àgbà tó ń tọ́ ọ so òkúta mọ́ òun náà lẹ́yìn nígbà tó ń sùn, ó ní kó lọ tú wọn sílẹ̀, pé bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kú, inú ọkàn rẹ̀ ni yóò ti máa ru òkúta náà títí ayé. Ẹja ti kú. Ejò ti kú. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bí wọ́n ṣe fi obìnrin hàn nínú fíìmù yẹn kò dùn mọ́ mi nínú, àfi bí ẹni pé ìdẹwò lásán ni wá, ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ yẹn kò kúrò ní etí mi.

Ó dá mi lójú pé Bàbá ru nǹkan bọ̀ láti Bóma. Wọ́n ní ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ti Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré lọ́dọ̀ wọn, mo máa ń jí lóru, mo máa ń rí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jókòó láìtan fìtílà. Bí mo bá bi wọ́n pé báwo ni Bóma ṣe rí, wọ́n á ní, "Ó jìnnà." Ìyá àgbà á sì ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé kí a má rán wọn létí. Ìfẹ́ ló mú gbogbo wa dákẹ́, mo mọ̀. Síbẹ̀, Bàbá dá nìkan jókòó sínú òkùnkùn yẹn títí wọ́n fi kú, kò sì sẹ́ni tó fa àga tì wọ́n.

Màmá, ẹ̀yin ni àkọ́bí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohunkóhun tí ẹ bá rántí fún mi: orúkọ tí wọ́n máa ń pè bí wọ́n bá ta jí lójú oorun, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ tí kò bọ̀, orin tí wọ́n bá dé. Àbúrò mi lè gba ohùn yín sórí WhatsApp, bó bá gba wákàtí méjì kò burú. Bí ìwé tí ìjọba fún wọn nígbà tí wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ ológun bá ṣì wà nínú àpótí irin wọn, ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi, kí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ hàn dáadáa. Mo fẹ́ fi wá ibi tí wọ́n ti jà.

Mo ti fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Dádì ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ọjọ́ kankan. Ẹ bá mi kí ìyá ọlọ́mọge àti gbogbo ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń retí ohùn yín.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.