Linh Wo Ni? Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Hà Nội, Vietnam.
Oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ kú òtútù. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú mi sì dùn púpọ̀ nígbà tí mo kà á pé ọmọbìnrin ará Vietnam kan ti di ọ̀rẹ́ àwọn ìbejì nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Deptford ní London, pé Linh ni orúkọ rẹ̀, àti pé Kẹ́hìndé kò jẹ́ kí o sinmi, àfi kí o sọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí fún un. O ní kí n fi gbólóhùn kan péré dáhùn, nítorí pé mo ti ń gbé níhìn-ín fún ọdún mẹ́rin. Gbólóhùn kan kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà wá ibi jókòó sí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa ni ọjọ́ tí mo tẹ̀lé Màmá onílé mi àti ọmọ wọn lọ sí Văn Miếu, tẹ́ḿpìlì tí ọba Lý Thánh Tông kọ́ ní ọdún 1070 láti fi bọlá fún Confucius, ọlọ́gbọ́n ará Ṣáínà àtijọ́. Nígbà ọdún tuntun wọn, tí wọ́n ń pè ní Tết, àwọn akọ̀wé máa ń jókòó sórí ẹní létí adágún tó wà níwájú ibẹ̀, wọn a sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ àmì àtijọ́ sórí bébà pupa fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e kọ́ sílé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọmọ onílé mi, Linh sì ni òun náà ń jẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ orúkọ òun. Bàbá akọ̀wé ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà kí wọ́n tó gbójú sókè, tí wọ́n bi í pé, "Linh nào?" Ìyẹn ni pé, Linh wo ni, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ? Ọmọ náà kò mọ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Màmá ní àwọn rò pé ti agogo ni, ṣùgbọ́n kò dá àwọn lójú, nítorí ìyá ọkọ àwọn ló sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n bá fi fóònù pe ìyá àgbà ní Nam Định, bàbá akọ̀wé sì rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì lé etí àwo, wọ́n ń dúró.

Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè máa jẹ́ orúkọ kan fún ọdún mẹ́wàá, kí ó mọ̀ ọ́n kọ, kí ó má sì mọ ohun tó dúró fún. Ìtàn ló fà á. Àwọn ará Ṣáínà jọba lórí apá ilẹ̀ yìí fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, láti ọdún 111 ṣáájú ìbí Kristi títí di ọdún 938. Lẹ́yìn tí wọ́n tilẹ̀ ti gba ara wọn sílẹ̀, àmì ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà náà ni àwọn ọba wọn ń lò fún iṣẹ́ ìjọba àti fún ìdánwò àwọn tó fẹ́ di ìjòyè, èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní ọdún 1919. Nínú ìkọ̀wé yẹn, ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Linh tó jẹ́ ẹ̀mí kò jọ Linh tó jẹ́ agogo lójú rárá. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn míṣọ́nnárì láti Potogí àti ibòmíràn ní Yúróòpù dé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà a, b, d kọ èdè náà, bí àwọn míṣọ́nnárì ṣe kọ tiwa náà lẹ́yìn náà. Alexandre de Rhodes, tó jẹ́ àlùfáà Jesuit, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní Róòmù ní ọdún 1651. Nígbà tó yá, ìkọ̀wé yìí gba gbogbo ilẹ̀, gbogbo Linh sì di lẹ́tà mẹ́rin kan náà.

Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí bí a bá kọ Ojo sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i. Ṣé òjò tó ń rọ̀ ni, àbí Òjó tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, àbí ojo tí ẹ̀rù ń bà? Tiwa ṣì sàn, torí pé bí a bá fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àwọn náà ní àmì ohùn, ohùn mẹ́fà ni wọ́n tilẹ̀ ní ní Hà Nội, ṣùgbọ́n kò sí àmì tó lè ya àwọn Linh wọ̀nyí sọ́tọ̀, nítorí pé ohùn kan náà ni gbogbo wọn. Ẹnu ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ nìkan ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà.

Nínú àwọn ìtumọ̀ náà, ti ẹ̀mí ló jinlẹ̀ jù, òun ni mo sì fẹ́ kí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ mọ̀. Linh yìí ló wà nínú "linh hồn", tí í ṣe ọkàn ènìyàn tí kì í kú, àti nínú "thần linh", tí í ṣe àwọn òrìṣà. Àlùfáà ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń pè ní "linh mục", olùṣọ́ àwọn ọkàn. Ẹranko mímọ́ mẹ́rin ni wọ́n ní, èyí tí wọ́n ń pè ní "tứ linh", ìjàpá sì wà lára wọn, a kò ní jẹ́ kí Táyé gbàgbé ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ojúbọ. Bí wọ́n bá ní ojúbọ kan "linh lắm", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àdúrà ń gbà níbẹ̀, pé ẹni tó bá lọ tọrọ nǹkan níbẹ̀ kò ní padà lófo.

Ọba kan tilẹ̀ wà tó sá di ọ̀rọ̀ náà. Tự Đức tó jọba ní Huế kò bímọ, ẹ̀rù sì bà á pé "Thiên", ọ̀run, tó wà nínú orúkọ tẹ́ḿpìlì Thiên Mụ lè jẹ́ àfojúdi sí ọ̀run. Ní ọdún 1862, ó pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi Linh rọ́pò rẹ̀, kí ó máa jẹ́ Linh Mụ. Ọdún 1869 ni wọ́n tó dá orúkọ àtijọ́ padà. Títí dòní, wàá ṣì gbọ́ Linh Mụ lẹ́nu àwọn ará Huế.

Linh ti agogo ńkọ́? Àmì irin ló wà lápá òsì rẹ̀. Linh mìíràn tún wà tó jọ ọ́, tó jẹ́ ìró tí òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé máa ń dún bí wọ́n bá ń kan ara wọn. Àwọn òbí tó fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn gbọ́n kí ohùn rẹ̀ sì dùn ló máa ń mú un.

Orúkọ náà pọ̀ nílùú yìí débi pé Linh mẹ́ta ló wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo tí mo ń kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ la fi ń dá wọn mọ̀: Khánh Linh, Thùy Linh, Phương Linh. Mỹ Linh ni gbajúmọ̀ olórin kan ń jẹ́, Hoàng Thùy Linh sì ni òmíràn. Đỗ Mỹ Linh ló gba adé arẹwà Vietnam ní ọdún 2016, Lương Thùy Linh sì gba ti Miss World Vietnam ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé obìnrin nìkan ló ń jẹ́ ẹ o. Ọkùnrin ni Hoài Linh aláwàdà, ọkùnrin sì ni Nguyễn Tiến Linh tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ó pọ̀ tó báyìí ni pé ó kúrú, ó rọrùn lẹ́nu, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ tí kò bá a mu. Rántí pé orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn, orúkọ tí à ń pe ènìyàn gan-an ló ń kẹ́yìn, kí àwọn tó ń kọ ìwé nílé ẹ̀kọ́ má lọ sọ Linh di orúkọ bàbá ọmọ.

Ohun kan ṣe mí ní kàyéfì. Àwa a máa sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, kí ẹni tó lọ lè padà wá jókòó tì wá. Ní tiwọn, èèwọ̀ ni kí a fi orúkọ àgbà ìdílé sọ ọmọ, nítorí pé bí o bá ń bá ọmọ wí, orúkọ bàbá àgbà lò ń pè yẹn. Nítorí ìyá ọba kan tó ń jẹ́ Hoa ni wọ́n ṣe yí orúkọ ìpínlẹ̀ Thanh Hoa padà sí Thanh Hóa. Nítorí náà, kí Linh kan tó jẹ́ Linh, àwọn àgbà ti wo ìdílé bàbá àti ti ìyá yíká.

Jẹ́ kí n padà sí etí adágún. Ìyá àgbà dáhùn lórí fóònù pé kì í ṣe ti agogo. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí ìyàwó ọmọ àwọn kò rí ọmọ bí, àwọn dá lọ sí tẹ́ḿpìlì Chùa Hương, àwọn gun òkè dé inú ihò Hương Tích níbi tí àwọn tó ń wá ọmọ ti máa ń gbàdúrà, àwọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ọkàn ìyàwó má baà bàjẹ́ sí i. Nígbà tí ọmọ dé, àwọn sọ ọ́ ní Linh, nítorí pé àdúrà gbà. Ìyá Ìbejì, Ọ̀ṣunbùnmi ló sọ sí mi lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá onílé mi di fóònù mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá akọ̀wé mi orí, wọ́n sì kọ ọ́: òjò lókè, ẹnu mẹ́ta tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárín, abọrẹ̀ nísàlẹ̀. Abọrẹ̀ tó ń fi ẹnu tọrọ òjò lọ́wọ́ ọ̀run ni gbogbo àmì náà. Tàdáwà náà ń dán lórí bébà pupa, ọmọ náà sì ń fẹ́ ẹ lẹ́nu kí ó tètè gbẹ.

Sọ fún Kẹ́hìndé pé kí ó máa pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ohùn àárín, bí "re" wa. Bí ó bá gbé ohùn sókè, sójà ló ń pè é. N àti h tó kẹ́yìn kì í ṣe h tí à ń mí jáde. Imú ni ohùn náà ń gbà, ó sì súnmọ́ "in" tiwa. Nígbà tí o bá pàdé ìyá ọmọ náà lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé Linh wo ni, kí o sì kọ èsì wọn ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ya àwòrán bébà pupa náà, mo sì fi sínú àpòòwé yìí fún àwọn ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bọ́lá.